Ta ló yẹ kó máa tọ́jú oògùn ADHD fún ẹni tó ń fi tramadol sílẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àgbàlagbà mẹ́jọ là ń ṣètò ìpàdé fún n'Ìbàdàn: wọ́n ní ADHD (ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kéèyàn lè pọkàn pọ̀ tàbí jókòó jẹ́ẹ́), wọ́n sì ń fi tramadol, oògùn ìrora tó ti di bárakú fún wọn, tàbí ọtí sílẹ̀. Ìpàdé oníwákàtí 2 ò bá wọn mu rárá, a ti sọ ọ́ di ìṣẹ́jú 45. Ẹnì kan kì í sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú 3 lọ, ẹni tó bá sì fẹ́ dìde rìn lè rìn. A máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán wọn létí nígbà tó bá ku wákàtí kan, torí ìgbàgbé ni kì í jẹ́ kí wọ́n wá, kì í ṣe àìbìkítà.

Oògùn ADHD gan-an ló ń dà wá láàmú. Ọ̀kan nínú wọn, methylphenidate tí kì í pẹ́ lára, máa ń tán láàárín wákàtí 3 sí 4. Bó bá ti ń tán lọ́sàn-án, inú á máa bí èèyàn, ọkàn ò ní balẹ̀, ìgbà yẹn ni tramadol máa ń wù ú jù. Atomoxetine, oògùn ADHD mìíràn, kì í di bárakú, ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kó tó ràn án dáadáa. Kí dókítà sì mọ̀ nípa tramadol o, torí ó lè fa gìrì.

Ṣé kí mọ̀lẹ́bí máa pín oògùn ADHD náà sínú àpò ìwé, ti ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n ka hóró rẹ̀ lójú ẹni tó ni ín? Ẹlẹgbẹ́ tóun náà ń bá bárakú jà ńkọ́, ṣé ìdẹwò kọ́ nìyẹn fún un? Bí ẹnì kan bá sì ń dá gbé, ta ni ká fi oògùn rẹ̀ lé lọ́wọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ bá wa dá sí i.