Àwo tí kò ní orúkọ lójú: ẹ wá sọ bí ẹ ṣe pàdé àwo àkọ́kọ́ Rolling Stones

Ọmọ Mọ́kọ́lá ní Peckham

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti pé ọdún mẹ́ta, àmọ́ àná ni mo tún gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ, ó sì ń wù mí láti sọ ọ́ fún ẹni tí yóò yé.

Àárọ̀ ọjọ́ Sunday kan ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbi iṣẹ́ alẹ́, mo gba ọjà àlòkù kan kọjá, irú èyí tí àwọn èèyàn máa ń ṣí bùútù mọ́tò wọn tí wọ́n á pàtẹ ẹrù ilé wọn. Páálí kan tó kún fún àwo wà nílẹ̀ níwájú ìyá àgbà òyìnbó kan. Mo ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi kan èyí tó ní àwòrán ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún. Wọ́n dúró nínú òkùnkùn, wọ́n yí ẹ̀gbẹ́ síni, wọ́n wá ń wò mí bíi pé mo jẹ wọ́n lówó. Kò sí orúkọ báńdù. Kò sí orúkọ àwo. Àmì Decca, ilé iṣẹ́ tó ṣe àwo náà, ní igun nìkan ni ọ̀rọ̀ tó wà lójú rẹ̀.

Decca kẹ̀! Ẹ̀yin tí bàbá yín ní àwo Ebenezer Obey nílé, ẹ ó mọ ohun tí orúkọ yẹn ṣe sí mi. Kí n tó mọ̀wé kà ni mo ti dá ọ̀rọ̀ yẹn mọ̀ lójú, torí ẹ̀gbẹ́ chénjà, ẹ̀rọ àwo bàbá mi, ni mo máa ń jókòó sí tí màá máa wò ó bó ṣe ń yí. Orúkọ yẹn ni mo rà ní ọjọ́ náà. Pọ́n-ùn méjì ni mo san.

Ilé ni mo ti wá mọ̀ pé àwo àkọ́kọ́ tí Rolling Stones, báńdù rock ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ni, èyí tó jáde ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1964, tó sì lo ọ̀sẹ̀ 12 ní ipò kìn-ín-ní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo gbé abẹ́rẹ́ lé e. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohùn náà gan! Inú stúdíò kótópó kan tó ń jẹ́ Regent Sound, ní Denmark Street ní London, ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Kíréètì ẹyin ni wọ́n lẹ̀ mọ́ àjà níbẹ̀ kí ohùn má baà máa lu òkè padà. Yàrá náà kéré débi pé ìlù ń dà sínú ẹ̀rọ tó ń gba gìtá, gìtá ń dà sínú èyí tó ń gba ohùn, kò sì sí ẹni tó lè yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì mọ́. Mono ni gbogbo rẹ̀. Ojú kan ni orin ti ń bọ̀, ó sì ń bọ̀ bí ẹni tó fẹ́ já ilẹ̀kùn wọlé. Mick Jagger tó ń kọrin àti Keith Richards tó ń ta gìtá kò ju ọmọ ogún ọdún lọ nígbà náà. Ẹ gbọ́ "Carol" kí ẹ gbọ́ bí gìtá ṣe ń sáré síwájú onílù, tí Charlie Watts kò sì bínú, tó kàn ń bá tirẹ̀ lọ. Lóde òní, wọ́n á ti fi kọ̀ǹpútà tò ó gún régé. Èmi kò fẹ́ kó gún.

Ṣùgbọ́n orin kẹrin ló mú mi. Mo ti lọ sí kíṣìnnì, mo ń ro ẹ̀bà lọ́wọ́. Gìtá kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì, mo gbọ́: kó… kó… kó… kó-kó. Mo dá ọwọ́ dúró. Agogo tí mo mọ̀ nínú orin highlife bàbá mi nìyẹn! "Mona" ni orin náà, Bo Diddley ti Amẹ́ríkà ló ni ín, àmọ́ "I Need You Baby" ni wọ́n kọ sára àwo tèmi. Ìlù kan náà ni àwọn ará Kúbà ń pè ní clave. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà kó àwọn èèyàn wa kọjá òkun kò ní béèrè bí ó ṣe débẹ̀. Ẹ̀bà náà dì pa sínú ìkòkò. N kò jẹ ẹ́ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo dá orin yẹn padà.

Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ọkùnrin kan tó ní òun ń tún ẹ̀rọ àwo ṣe mú kí apá abẹ́rẹ́ mi wúwo jù, ó sì ha "Tell Me", orin kan ṣoṣo tó jẹ́ pé Jagger àti Richards nìkan ni wọ́n kọ orúkọ sí nínú àwo náà. Láti ìgbà yẹn, èmi fúnra mi ni mò ń wọn abẹ́rẹ́ mi.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Awakọ̀ Bọ́ọ̀sì, Chicago

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ti rí èyí tó dáa rà. Èmi, ti Amẹ́ríkà ni mo rà, èyí tí wọ́n pè ní England's Newest Hit Makers. Níhìn-ín, wọ́n kọ orúkọ gàdàgbà sójú rẹ̀, wọ́n yọ "Mona" kúrò, wọ́n fi "Not Fade Away" rọ́pò rẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé tèmi jẹ́ irú stereo tí wọ́n fi ẹ̀rọ dọ́gbọ́n dá lẹ́yìn tí wọ́n ti gba orin náà ní mono. Bí ẹni tó wà nínú àgbá ló ń dún. Inú bí mi, mo rò pé báńdù náà ni kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Bàbá àgbà kan wà níbi iṣẹ́ wa, ará Mississippi, ẹni tí mò ń pè ní Pops. Mo gbé "I'm a King Bee" sí i létí. Ó gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ọmọ náà gbìyànjú, àmọ́ kí n lọ wá ti Slim Harpo tó ni orin náà. Lẹ́yìn náà ló mú mi lọ sí ilé tó wà ní 2120 South Michigan Avenue, níbi tí ilé iṣẹ́ àwo Chess ti ń gba orin Muddy Waters, Chuck Berry àti Bo Diddley sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 1964, nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn tí àwo yìí jáde, àwọn Rolling Stones gan-an wá síbẹ̀ wá gba orin sílẹ̀. Ẹ wo ìrìn àjò yẹn! Orin Muddy Waters ni wọ́n ti fa orúkọ báńdù wọn yọ. Àwo Chess ni Jagger gbé sábẹ́ apá nígbà tí òun àti Keith pàdé ní ibùdókọ̀ ojú irin Dartford ní 1961. Àwo ni olùkọ́ wọn.

Mo wá jókòó, mo ka orúkọ ẹni tó kọ orin kọ̀ọ̀kan sókè, Pops sì ń dáhùn. Dixon? "Mo mọ̀ ọ́n." Reed? "Mo jó o." Berry? Ó kàn fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọkùnrin. Àwo yẹn wà nílé wa.

London ni bàbá mi ti kàwé láti 1962 títí di 1966. Nígbà yẹn, kì í ṣe gbogbo ilé ni wọ́n ti máa ń gba aláwọ̀ dúdú, nítorí náà yàrá tó bá rí ni ó gbà. Ọmọkùnrin òyìnbó kan ló wà ní yàrá kejì, alaalẹ́ ló sì máa ń lu àwo yìí. Bàbá mi kọ́kọ́ ń fi ọwọ́ gbá ògiri. Nígbà tó yá, ó lọ kanlẹ̀kùn. Ọmọ náà yẹra fún un lórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn méjèèjì sì gbọ́ ọ títí ó fi parí. Ní ọjọ́ tí bàbá mi ń darí wálé, ọmọ náà kó àwo náà lé e lọ́wọ́.

Èmi ni mo bà á jẹ́, èyí sì ń dùn mí títí dòní. Mo gbé e sẹ́yìn mọ́tò ní 2009, mo fẹ́ lọ fi han ọ̀rẹ́ mi, ni mo bá bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Oòrùn ká a bí ewé. Bàbá kò bá mi wí. Wọ́n dá a padà sínú páálí rẹ̀, wọ́n fi sórí kọ́ńbọ́ọ̀dù.

Wọ́n ti pé ọdún 84 báyìí, iyè wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ dúró mọ́. Lẹ́yìn tí mo ka ohun tí ẹ kọ, mo wá orin tó gbẹ̀yìn, "Walking the Dog", lórí fóònù. Wọ́n ń wo ojú fèrèsé, mo rò pé wọn kò gbọ́. Ṣé ẹ mọ ibi tí Brian Jones, onígìtá wọn kan, ti máa ń súfèé? Kó tó débẹ̀ gan-an ni bàbá mi ti ká ẹnu wọn, tí wọ́n sì súfèé.

Ọmọ Mọ́kọ́lá ní Peckham

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi áyọ́ọ̀nù tàbí omi gbígbóná na àwo yẹn. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ níbi tó tutù.

Mò ń bọ̀ nílé ní December. Màá gbé tèmi dání, ọwọ́ mi ni yóò wà, kò ní wọ inú ẹrù. Ẹ bá mi sọ fún bàbá.