Báwo ni ìdílé ṣe ń sin òkú ìpẹ̀yàrun ní Rùwáńdà títí di òní?

Ọmọ Akin:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Mo mọ̀ pé ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ni ìrántí Kwibuka máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ẹ̀yà Tutsi tí wọ́n pa lọ́dún 1994. Ohun tó rú mi lójú ni pé ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń sin òkú lọ́dọọdún. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó ni egungun? Kí ló sì dé tí àwọn kan wà nílẹ̀ gbangba tí wọn ò sin wọ́n?

Àlàbí:
Aṣọ ni wọ́n fi ń dá ọ̀pọ̀ wọn mọ̀. Bí ẹnì kan bá tọ́ka ibi tí kòtò wà, wọ́n á wa ilẹ̀, wọ́n á fọ egungun, wọ́n á sá a kó gbẹ. Aṣọ lọ́tọ̀. Wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí àwọn ìdílé wá máa yẹ̀ ẹ́ wò: súẹ́tà ọmọdé, aṣọ tí ìyá ró lọ́jọ́ yẹn, bàtà, rósárì, káàdì ìdánimọ̀. Káàdì yẹn kan náà, tí wọ́n kọ "Tutsi" sí, ni wọ́n fi ń yọ wọ́n sọ́tọ̀ lójú ọ̀nà láti pa wọ́n.

Ní Kabuga lẹ́bàá Kigali, ọdún 2018 ni wọ́n tó rí àwọn kòtò kan, abẹ́ ilé táwọn èèyàn ń gbé ni wọ́n sì wà. Wọ́n ní láti wó ilé kí wọ́n tó lè wa ilẹ̀. Lóṣù Karùn-ún 2019, wọ́n sin àwọn tó lé ní 84,000 sí ibi ìrántí Nyanza ní Kicukiro, ní Kigali. Àwọn aládùúgbò kan mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n kàn panu mọ́ ni. Èyí ló ń dun àwọn tó là á já jù.

Ibi tó ti ń ṣòro ni pé egungun ti dà pọ̀. Owó ńlá ni àyẹ̀wò DNA ń gbà, bí gbogbo ìdílé bá sì ti kú tán, ta ni wọ́n fẹ́ fi wé? Ìdí nìyẹn tí egungun ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wà nínú pósí kan.

Ìyá Ìbejì:
Àlàbí ti sọ ti sísin, ẹ jẹ́ kí n fi ti gbangba kún un. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Nyamata, aṣọ àwọn tí wọ́n pa ló wà lórí bẹ́ǹṣì, àwọn ihò sì wà lára páànù òrùlé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ní ibi ìrántí Murambi, ẹfun ni wọ́n fi pa àwọn òkú kan lára kí wọ́n má bàa jẹrà. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa jiyàn pé kò ṣẹlẹ̀. Àwọn ìdílé kan kò fara mọ́ ọn rárá, èmi náà ò lè dá wọn lẹ́bi. Títọ́jú rẹ̀ kì í ṣe kékeré: eruku, kòkòrò àti ọ̀rinrin ń jẹ aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ dànù, torí ẹ̀rí ni.

Ẹ mọ̀ pé odò náà ní ìrántí tirẹ̀. Wọ́n ju ọ̀pọ̀ èèyàn sínú Nyabarongo. Òdòdó ni àwọn ẹbí ń jù sínú omi báyìí, nígbà tí kò sí sàréè.

Àlàbí:
Ẹ ṣeun, Ìyá. Ọmọ Akin, bí ẹ bá máa lọ síbi ìrántí, ẹ mọ̀ nípa *ihahamuka*. Ẹni tó là á já lè ṣàdédé figbe ta, kó máa sá bíi pé wọ́n ń lé e. Ẹ má rọ́ bò ó, ẹ má dì í mú. Àwọn olùrànlọ́wọ́ wà níbẹ̀ tí wọ́n á mú un lọ síbi tó dákẹ́, wọ́n á sì jókòó tì í títí èémí rẹ̀ á fi balẹ̀.

Ọmọ Akin:
Ẹ ṣé gan-an. Àwọn ìdílé tí ẹnikẹ́ni ò ṣẹ́kù nínú wọn ńkọ́? Ta ló ń rántí wọn?

Ìyá Ìbejì:
GAERG, ẹgbẹ́ àwọn tó là á já tí wọ́n ti jáde ilé ìwé gíga, ló ń ṣe ti wọn. Ilé dé ilé, òkè dé òkè, ni wọ́n ń bi àwọn aládùúgbò léèrè: bàbá, ìyá, ọmọ mélòó, kí lorúkọ wọn. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ lé ní 15,000. Ọmọ ọwọ́ ló ṣòro jù, torí aládùúgbò lè rántí pé ìyá gbé ọmọ pọ̀n kó má mọ orúkọ ọmọ náà. Ní Gisozi, ibi ìrántí ní Kigali, níbi tí wọ́n sin àwọn tó lé ní 250,000 sí, ògiri orúkọ kan wà níbẹ̀. Wọn ò tíì kọ ọ́ tán.