Wáyà eyín mi: ìrora náà ti rọlẹ̀

Ẹ kú àdúrótì, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo kígbe pé eyín àti àgbọ̀n ò jẹ́ kí n sùn lẹ́yìn tí dókítà fún wáyà tí wọ́n fi ń to eyín mi le sí i. Ó ti rọlẹ̀.

Dókítà ní wáyà ń ti eyín ni, ara sì ń wú díẹ̀ níbi tí eyín ti ń sún. Ọjọ́ kejì ló máa ń le jù. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó ti lọ. Parasitamọ́ọ̀lù ló ní kí n lò: oníhóró 500 mg, méjì lẹ́ẹ̀kan, kó má ju mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ̀yin tí ẹ dárúkọ ibuprofen, oògùn ìrora mìíràn, ẹ ṣé, àmọ́ ọgbẹ́ inú mi ò gbà á.

Ti àgbọ̀n ló yà mí lẹ́nu. Ọkọ mi ló gbọ́ ọ pé mò ń payín keke lójú oorun! Aṣọ ìnura tí mo rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tí mo fún, tí mo gbé lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, òun ló tù mí jù.

Imú wáyà tó ń ha mí lẹ́nu ńkọ́? Ìda tí wọ́n fún mi ni mo fi bò ó. Ẹ kọ́kọ́ fi òwú nu irin náà gbẹ. Bó bá tutù, ìda ò ní lẹ̀ mọ́ ọn.

Ògì, mọ́ínmọ́ín, àmàlà àti ewédú ni mo fi gbéra. Gúgúrú àti egungun di ìgbà tí wọ́n bá tú wáyà.