Àpàlà ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tàkasúfèé ń pariwo: báwo ni mo ṣe lè to orin mi?

Ọmọ Odò Ọnà:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Kò sí irú orin tí n kì í gbọ́: àpàlà Haruna Ishola àti Ayinla Omowura, sákárà Yusuf Olatunji, jùjú láti orí I.K. Dairo dé Obey dé Sunny Ade, fújì Barrister àti Kollington, Fela, réégè, jáàsì Amẹ́ríkà, orin bàtá àwọn ará Cuba, orin ìyìn, títí dé ti àwọn ọmọ ìwòyí. Fáìlì tó 3,000 ni, lórí fóònù kan àti fláàṣì kan fún ọkọ̀. Bí mo bá ní kí fóònù máa dà wọ́n pọ̀, màá yí Haruna sókè kí n tó gbọ́ ọ, èyí tó kàn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dí mi létí. Orin kan á gba ogún ìṣẹ́jú, òmíràn mẹ́ta. Fújì nìkan wà lábẹ́ orúkọ mẹ́rin. Yusuf Olatunji tí wọ́n dà láti inú kásẹ́ẹ̀tì ń dún bí ẹni fi ìrọ̀rí bo sípíkà. Ṣé kí n ya gbogbo rẹ̀ sí fóldà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àbí kí n pa díẹ̀ rẹ́?

Bàbá Sípíkà:
Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́. Ti ariwo yẹn ló rọrùn jù. Nínú àwo àtijọ́, ibi tí ìlù ti le àti ibi tó ti rọ̀ jìnnà síra. Nínú orin ìsinsìnyí, wọ́n ti ki gbogbo rẹ̀ mọ́ òkè, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tó rọ̀ mọ́.

ReplayGain ni kí ẹ lò. Ẹ kó orin sórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí wọn nínú foobar2000, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yan gbogbo wọn, ẹ tẹ ọwọ́ ọ̀tún máòsì, ẹ wá ReplayGain, kí ẹ yan "Scan selection as albums (by tags)", kó lè wọn bí ohùn fáìlì kọ̀ọ̀kan àti ti odidi àwo ṣe le tó. Kì í fọwọ́ kan orin náà rárá. Nọ́ńbà lásán ló ń kọ sára fáìlì, tí áàpù á fi mọ iye tó yẹ kó gbé ohùn sókè tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà, áàpù orí fóònù yín gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kà, kí ẹ sì tàn án níbi sẹ́tìn. Ẹ yan "track" bí ẹ bá ń da orin pọ̀, "album" bí ẹ bá ń gbọ́ àwo kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ibi tí ó ti máa ń dàrú ni pé gbogbo orin á kọ́kọ́ dà bíi pé ó lọ sílẹ̀, àwọn èèyàn á wá fi preamp (ibi tí áàpù ti ń fi kún ohùn) tì í sókè títí ohùn á fi máa ya. Sípíkà ni kí ẹ yí. Ẹ fi preamp sílẹ̀ ní òdo.

Àṣàkẹ́ Onígìtá:
Ọ̀rọ̀ ogún ìṣẹ́jú: jùjú tàbí fújì tó gba odidi ojú àwo kì í sábà jẹ́ orin kan. Orin mẹ́rin márùn-ún ni wọ́n so pọ̀ láìdúró. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó bá tàwọn yòókù dàpọ̀, ẹ gé e. Ẹ ṣí i nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gé ohùn, ibi tí orin bá ti yí padà, ẹ tẹ Ctrl+B kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń gbé e jáde, ẹ yan "Multiple Files" kí ó fi àwọn àmì yẹn gé e. Bó bá ti jẹ́ MP3 tẹ́lẹ̀, mp3DirectCut dára jù, torí òun á gé e láì tún un fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ má kàn gé e níbi tí olórin ti panu mọ́ o. Gángan ló sábà máa ń gbé orin kan sínú èkejì, ó lè sọ gbólóhùn méjì mẹ́ta kí ohùn tó wọlé. Ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ẹ wá gé e sórí ìlù àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá gé e ṣáájú, orin kan á parí sí àárín ọ̀rọ̀ ìlù, kò sì ní yé ẹnikẹ́ni. Ẹ fi odidi rẹ̀ pamọ́ síbì kan ṣá.

Ti Fela, ẹ má fọ̀bẹ kàn án. Bó gba odidi ojú àwo, orin kan náà ni, fèrè àti ìlù sì lè lọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó tó la ẹnu. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àdàpọ̀, kí ẹ máa gbọ́ ọ lọ́tọ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín?

Ọmọ Odò Ọnà:
Ó wà, mà. C60 ni, oní-ọgọ́ta ìṣẹ́jú.

Àṣàkẹ́ Onígìtá:
Ẹ tún un dà nígbà náà. Ẹ fi òwú àti ọtí isopropyl nu orí tó ń ka téèpù, kó gbẹ dáadáa. Bí ó bá ṣì ń kùn sínú, orí yẹn ló wọ́. Ìdè kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ bí téèpù ṣe ń lọ, títí ohùn gòjé á fi mú ketekete. Inú ihò line-in ni kí wáyà wọ̀, kì í ṣe ti gbohùngbohùn, kí ẹ má sì jẹ́ kí ohùn kọjá −6 dB (ìwọ̀n ohùn) lójú kọ̀ǹpútà.

Akọ̀wé Àwo:
Fújì orúkọ mẹ́rin: Fuji, FUJI, Fújì, Fuji Music. Mẹ́rin ni áàpù míì máa kà á sí lóòótọ́. Ẹ lo Mp3tag, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tún ọ̀rọ̀ ara fáìlì orin kọ. Ẹ to gbogbo rẹ̀ nípa Genre (irú orin), ẹ yan gbogbo èyí tó jẹ́ fújì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kọ ọ̀kan ṣoṣo sí wọn lára. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má fi àmì ohùn sí orúkọ olórin àti Genre, kí ẹ fi í sí àkọlé orin nìkan. Lẹ́tà bí ẹ̀ ṣeé tẹ̀ ní ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ, ojú wa ò ní mọ ìyàtọ̀, áàpù á sì yà wọ́n. Rédíò ọkọ̀ míì tiẹ̀ máa ń fi àpótí kékeré rọ́pò rẹ̀. Ishola àti Isola náà, ẹ mú ọ̀kan.

Alàgbà Olúgbọ́n:
Ẹ tún Genre ṣe o, àmọ́ ẹ má fi í to ohun tí ẹ máa gbọ́. Haruna àti Ayinla, àpàlà làwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ìrìn ẹsẹ̀ wọn ò dọ́gba. Haruna rọra ń lọ pẹ̀lú agídìgbo, ẹ lè fi sákárà tẹ̀ lé e, kí jáàsì pẹ̀lẹ́ tẹ̀ lé ìyẹn, ẹnikẹ́ni ò ní fura. Ayinla gbóná, ẹgbẹ́ fújì ló yẹ kó wà. Bàtá Cuba, ìlù mẹ́ta (ìyá, itótele àti okónkolo) pẹ̀lú olórin àti agberin, orin òrìṣà ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Èmi ò ní dà á mọ́ orin àríyá.

Níbi Grouping nínú Mp3tag, ẹ kọ ìgbà tí ẹ fẹ́ gbọ́ ọ: "òwúrọ̀", "iṣẹ́", "ọ̀nà jíjìn". Ẹ tún ní ọ̀kan tó ń jẹ́ "àlejò", torí Ayinla kì í mọ ìgbà tí àna yín bá wà nínú ọkọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn olórin ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Odò Ọnà:
😂 Ẹ ṣeun sà. Ti fláàṣì ló kù. Bí mo ṣe tò ó kọ́ ló ń kọ ọ́, ó sì ń fo àwọn kan.

Wáyà Ọkọ̀:
Ó ṣeé ṣe kí èyí tó ń fò jẹ́ FLAC tàbí M4A, irú fáìlì orin míì, ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ àtijọ́ ò mọ̀ ju MP3 àti WMA lọ. Ẹ sọ wọ́n di MP3 320 kbps, ìṣẹ́jú kan á gba bíi MB 2.4. Rédíò míì sì ń kọ orin bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra wọ inú fláàṣì, kò wo orúkọ. Ẹ kọ 01, 02, 03 síwájú orúkọ wọn, ẹ fọ fláàṣì nù pátá (format) sí FAT32, ìlànà ìtọ́jú fáìlì tí rédíò ọkọ̀ sábà máa ń kà, kí ẹ kó wọn padà ní fóldà kọ̀ọ̀kan, lẹ́sẹẹsẹ.

Ẹ má retí pé rédíò yẹn á ka ReplayGain tí Bàbá Sípíkà sọ. Ẹ̀dà ti ọkọ̀ ni kí ẹ gbé gba inú MP3Gain, ètò kọ̀ǹpútà míì, ní 89 dB. Òun ń yí ìwọ̀n inú fáìlì gan-an ni, ní 1.5 dB lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣeé dá padà. Kí ẹ tó fa fláàṣì yọ, ẹ tẹ "Eject", bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orin tó wọlé gbẹ̀yìn lè má pé.