Kí ni kí n pe Mulan lédè Yorùbá?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà nínú èdè, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mò ń túmọ̀ ewì àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà nípa Mulan, ọmọbìnrin tó múra bí ọkùnrin, tó lọ sógun dípò bàbá rẹ̀. Ọdún 12 lòun àtàwọn ọmọ ogun jọ rìn, wọn ò fura. "Ó" tiwa kì í sọ akọ tàbí abo, ìyẹn gbè mí gan-an. Ìgbà tó délé, tó tún irun rẹ̀ ṣe lẹ́bàá fèrèsé, tó jáde sí àwọn ọmọ ogun náà, ibẹ̀ ni mo há sí. "Nǚláng", ìyẹn ọ̀dọ́mọbìnrin, ni ewì pè é. "Nǚ" ni obìnrin; "láng" nìkan, ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Mo kọ "ọmọbìnrin", ó gbẹ. Mo kọ "obìnrin bí ọkùnrin", ó dà bí oríkì. Èwo ni kí n lò? Ẹ má bínú pé ó gùn. Ẹ ṣeun o.