Ẹ̀dà ọlọ́sàn Terre d'Hermès: ṣé kí n rà á fún bàbá àwọn ọmọ mi?

Ìyá Tèmi: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Lọ́fínńdà kan ṣoṣo ni bàbá àwọn ọmọ mi ń lò látìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, Terre d'Hermès. Mo fẹ́ràn ẹ̀ lára wọn. Àmọ́ ní ìgbà ooru Àkúrẹ́ yìí, tí a bá jọ wọ mọ́tò láti ọ̀nà Oǹdó dé Alágbàka, á ti le jù, orí á máa fọ́ mi. Wọ́n ní ẹ̀dà kan wà tó ń jẹ́ Eau Très Fraîche, pé ọsàn ló pọ̀ nínú ẹ̀. Ọjọ́ ìbí wọn ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní omi lásán ni, kí n má fowó ṣòfò. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Olóyèmẹkùn: Àǹtí, ẹ lọ sí Ọjà Ọba, ẹ ra òróró lọ́fínńdà kékeré, á wà lára wọn di alẹ́. Owó gọbọi lórí ohun tó máa fò lọ kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán? Èmi ò ṣe é.

Bọ̀dá Onílọ́fínńdà: Kì í ṣe omi lásán o. Jean-Claude Ellena tó ṣe ti àkọ́kọ́ lọ́dún 2006 náà ló ṣe ọlọ́sàn yìí lọ́dún 2014. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ òórùn ọsàn àti gírépù, lẹ́yìn náà ni ata, igi, àti gbòǹgbò koríko kan tí wọ́n ń pè ní vetiver á wá gbalẹ̀. Ó jọ pé àwọn tó gbẹ̀yìn yìí ni ooru ń rú sókè tó ń fọ́ yín lórí. Nínú ti ọlọ́sàn, ọsàn ló gba iwájú. Igi wà níbẹ̀, kò kàn pariwo ni. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Pé ó ń tètè lọ, òótọ́ ni. Ẹ bó ọsàn nínú yàrá: òórùn á gba gbogbo ilé, ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti lọ. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní limonene ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, òun ló kó ju ìdá 90 nínú 100 òróró èèpo ọsàn. Ó fúyẹ́, kíá looru ń gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́fínńdà ọlọ́sàn rí látayé Farina, onílọ́fínńdà àtijọ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ tiẹ̀ ní Cologne, Jámánì, lọ́dún 1709. Ẹni tó bá ní ọlọ́sàn òun ń di ọjọ́ kejì, ẹ bi í ohun tó fi sí i.

Kí wọ́n fi ìpara tí kò lóòórùn pa ara kí wọ́n tó fín in. Awọ gbígbẹ kì í di lọ́fínńdà mú. Kí wọ́n fín díẹ̀ sí síńgílẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n má fi ìgò sílẹ̀ nínú mọ́tò láéláé, ooru á bà á jẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣọ́ra fún ọrùn o. Òróró èèpo bergamot, irú ọsàn kíkan kan, àti ti ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní bergapten nínú. Bí oòrùn bá bá a lára, ó lè jó awọ, kó fi àpá dúdú sílẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń yọ ọ́ kúrò, àmọ́ ta ló mọ ohun tó wà nínú ayédèrú?

Ìyá Tèmi: Háà! Báwo ni mo ṣe máa wá mọ ayédèrú?

Bọ̀dá Onílọ́fínńdà: Nọ́ńbà kékeré kan wà lára páálí, òmíràn wà ní ìdí ìgò. Bí wọn ò bá bára mu, ẹ dá a padà. Bí wọ́n bá bára mu náà, kò tíì tán, wọ́n ń ṣe ayédèrú nọ́ńbà pẹ̀lú. Ẹ ra lọ́wọ́ ẹni tó máa jẹ́ kí ẹ fín in wò.

Ìyá Tèmi: Ẹ ṣeun gan-an. Ìgò kékeré ni mo máa rà fún ọ̀sán. Ti àtijọ́ á wà fún alẹ́ àti òde.

Ọmọ Olóyèmẹkùn: Bọ̀dá, tiyín ńkọ́, èló lẹ̀ ń tà á? Mo ti rí i pé ọjà lẹ̀ ń polówó.

Bọ̀dá Onílọ́fínńdà: Èmi ò ta Hermès, àbúrò. Òróró ni mo ń tà, ní Ọjà Ọba.