Ẹ bá mi wo koríko ẹlẹ́gùn-ún yìí o, ṣé tẹ̀tẹ̀ ni?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Koríko kan ti gba ẹ̀yìn ilé wa n'Iléṣà pátá, níbi tá a da yanrìn tó ṣẹ́ kù sí lẹ́yìn tá a kọ́lé tán. Ó ga tó orúnkún, ewé ẹ̀ nírun wẹ́wẹ́, òdòdó ẹ̀ yẹ́lò, kékeré báyìí. Èso ẹ̀ ló ń yọ wá lẹ́nu, ẹ̀gún ló bò ó, ó ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó ń gún àwọn ọmọ lẹ́sẹ̀. Aládùúgbò wa ní tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún ni pé ká máa sè é, ẹlòmíì ní ká da iyọ̀ sí i kó kú. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ṣíṣe?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́: Tẹ̀tẹ̀ kẹ̀? Ẹ má sè é o! Ara igi ni ẹ̀gún ti tẹ̀tẹ̀ máa ń wà, méjì méjì níbi tí ewé ti yọ. Èso tiẹ̀ kì í gúnni, kì í sì í yọ òdòdó yẹ́lò.

Bọ̀dá Ifẹ̀: Òótọ́ ni Ìyá sọ. Dágunró nìyẹn, Acanthospermum hispidum nínú ìwé. Ẹ já èso kan kẹ́ ẹ wò ó dáadáa, tó bá tín-ín-rín nísàlẹ̀ tó fẹ̀ lókè, tí ẹ̀gún ńlá méjì yọ lórí ẹ̀ bí ìwo òbúkọ, tí ẹ̀gún kéékèèké tó tẹ̀ lẹ́nu wá bo ara ẹ̀ tó kù, òun náà ni. Ewé ẹ̀ á dojú kọra, ẹ̀ka ẹ̀ á máa yà sí méjì méjì. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, àmọ́ àwọn ẹlẹ́wé ọmọ wa ti ń tà á tipẹ́. Ibi tí wọ́n bá ti da ilẹ̀ rú ló máa ń hù, ẹ̀gbẹ́ títì, oko ẹ̀pà, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ yanrìn yẹn gan-an ló gbé e wá. Tí kò bá tíì dá yín lójú, ẹ gé ẹ̀ka tó ní òdòdó àtèso, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, ẹ gbé e wá sí Botany ní OAU.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Háà, ìwo méjì yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́! Iyọ̀ yẹn wá ńkọ́?

Bọ̀dá Ifẹ̀: Ẹ fi iyọ̀ sílẹ̀ jàre, ilẹ̀ lẹ máa bà jẹ́, tẹ́ ẹ bá ní ewúro nítòsí ó lè bá a lọ. Koríko tí kì í ju ọdún kan lọ ni, èso ló fi ń padà wá. Ẹ fà á tu lẹ́yìn òjò kó tó so, ẹ wọ bàtà o. Èyí tó ti so, ẹ má dà á sórí ààtàn, ẹ sun ún. Lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ ṣì máa rí díẹ̀, ẹ tún fà á.